Ewé Kan Ló Dín

A ò ní òkun ní Mọ̀pà.
Okun là ń kí ara wa.
Síbẹ̀ òkun ló kún inú ìwé bàbá bàbá mi,
òkun àwọn Gíríìkì àtijọ́,
èbúté sí èbúté, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta, ìrìn ọjọ́ méje,
tí wọ́n tẹ̀ nílùú olótùútù kan
nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣì ń ya ayé lẹ́nu.

Òyìnbó míṣọ́n kan ló fi sílẹ̀
lọ́jọ́ tí ibà gbé e lọ sí Ẹ̀gbẹ̀, tí kò padà.
Aṣọ rẹ̀, wọ́n pín in. Àtùpà rẹ̀, wọ́n dù ú.
Ìwé yìí ò rí olùfẹ́,
àfi Tíṣà Olúmọ̀rìn,
tó kọ́ Gíríìkì nílé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀
kó lè bá Pọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀.
Á fọwọ́ kó tó ṣí i, bí ẹni fẹ́ gba ọmọ tuntun.
Lálaalẹ́ ló ń fi ìka tọ etí omi lọ,
ó ń wá wa,
títí èémí ìwé náà á fi pin:
yanrìn, ooru,
ìdákẹ́jẹ́.

Lánàá ni ọkùnrin kan ti Àbújá dé.
Ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun bíi dókítà,
ó kà á léwé léwé, ètè rẹ̀ ń mì.
Ó dárúkọ owó kan, àbúrò mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.
Lẹ́yìn náà ó padà sẹ́yìn, ó tún un kà.
"Ewé kan dín. Ìdajì owó ti lọ nìyẹn."

Ìyá àgbà ń bó ẹ̀gúsí. Kò gbójú sókè.
"Mo mọ ibi tó wà.
Ọ̀sẹ̀ tí mo bí bàbá àwọn wọ̀nyí ni.
Ó kàwé dé ibì kan, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà korò.
Mo ní kí ló dé?
Ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn tó ń gbé lẹ́yìn yanrìn
ò lórúkọ,
pé wọn kì í lá àlá.
Ọmọ sì nìyí láyà mi, orúkọ mọ́kànlá lára rẹ̀,
tó ń rẹ́rìn-ín lójú oorun.
Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí eṣinṣin bà lé ìwé yẹn
fi abẹ gé ewé náà lójú mi,
ó fi wé ìwọ́ ọmọ rẹ̀,
ó gbẹ́ ilẹ̀ nídìí igi òrombó.
Kò sọ nǹkan kan. Ó fọwọ́, ó lọ sùn."

Ọkùnrin náà bèèrè òrombó.
Òrombó ti kú lọ́dún ọ̀dá;
bàbá mi kọ́ ilé ìdáná lé ibẹ̀.
Gbogbo wa wo ilẹ̀ tí ìkòkò dúró lé.

"Bó o bá fẹ́ rà á, ra ìyókù,"
ìyá àgbà gbọn èèpo kúrò nítan,
"kó o kọ ọ́ sínú ìwé tìrẹ
pé ewé tó dín ti dé ibi tó ń lọ."

Ọkùnrin náà bọ́ ìbọ̀wọ́ kan,
ó gbàgbé ìkejì.