Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Olùṣọ́

Aago méjì òru ní Alágbáká.
Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri
bí àgbà tó fa tábà sùn.
Mo jókòó ti ẹ̀rọ ńlá ilé ìwòsàn,
ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò,
ìlà funfun kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́jú níbẹ̀:
Mojíróyè, kí lo wí?

Kò sí àwòrán téèyàn lè fọwọ́ kàn.
Ọ̀rọ̀ nìkan ló ń gbọ́,
bí o bá sì ṣi lẹ́tà kan kọ, á ní òun ò mọ̀ ọ́n rí.
Ó jọ ìyá bàbá mi,
tí kì í dá kíkí lóhùn bí orúnkún ò bá tíì kanlẹ̀.

Láti àná ni wọ́n ti ń pè mí pé ó ń rìn bí ìgbín.
Nọ́ọ̀sì Adétòún ní òun tẹ orúkọ aláboyún kan,
òun lọ pọnmi, òun mu nínú rẹ̀, òun padà,
orúkọ kò tíì jáde.

Mo bi ẹ̀rọ: ìrántí rẹ ku èló?
Ó ní: ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún.
Ta ló ń jẹ ẹ́?
Ó kọ́kọ́ dákẹ́ bí ọmọ tó mọ ẹni tó jí ẹran,
ó wá tò wọ́n sílẹ̀.

Kì í ṣe iṣẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Ìṣọ́ ni.
Mẹ́tàdínláàádọ́ta ni ẹ̀bẹ̀ tó so mọ́ ọn lọ́rùn:
èyí ń bèèrè bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó,
èyí ń bèèrè àyè tó kù nínú àká,
òmíràn ń bèèrè bóyá èyí àkọ́kọ́ ṣì ń bèèrè.

Bàbá mi máa ń wọn kòkó ní Òndó. Ó máa ń wí pé
àpò tí a bá ń gbé sórí òṣùwọ̀n lójoojúmọ́,
òṣùwọ̀n náà á jẹ nínú rẹ̀:
hóró kan á bọ́ síbí, méjì á há sẹ́nu irin.

Akíntómidé ló kọ mọ́kànlélógójì nínú wọn.
Òun ló wà lórí àga yìí kí n tó dé,
ọkùnrin tó ń ti ilẹ̀kùn, tó ń padà wá wò ó bóyá òun tì í.
Ó wà nílé rẹ̀ l'Óndó báyìí, ní Òkè-Agùnlá;
àìsàn kan ń kó ìrántí rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀,
ó ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pe ọmọ rẹ̀.
Mo lọ kí i lóṣù tó kọjá. Fóònù rẹ̀ ń dún ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.
Ìyàwó rẹ̀ ní: ẹ má pa á, èyí nìkan ló ṣì ń kà.
Ó gbé e sójú, ó kà á sókè fún mi:
"Ìrántí tó kù: ìdá mẹ́sàn-án."
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Mo lè fi ìlà kan ṣoṣo pa gbogbo wọn rẹ́.
Mo mọ ìlà náà. Mo kọ ọ́, mo tún nù ún nù.
Mo wá ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú nọ́ńbà wọn,
bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.
Ẹ̀rọ yìí, bí àṣẹ bá yanjú, kì í fọhùn;
àṣìṣe nìkan ló ń mú un sọ̀rọ̀.
Ogójì ìgbà ló dákẹ́.

Ó ku ọ̀kan. Mo yí i padà:
kò gbọdọ̀ bèèrè ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan mọ́,
aago méje àárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ó tó.
Mo ṣi lẹ́tà kan kọ. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí.
Mo tún un kọ. Ó dákẹ́.

Aago mẹ́ta ku díẹ̀, Adétòún pè:
orúkọ ti jáde o, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti bí.
Ṣé kí n wá kọ ọmọ náà sí i?
Mo ní: kọ ọ́. Àyè wà.