Ìwé Owó Omi

Wọ́n ní kí n wá ṣe akápò ẹgbẹ́, mo rẹ́rìn-ín:
èmi tí owó oúnjẹ mi kì í dé Ọjọ́bọ̀.
Yàrá ìpàdé wa l'Óṣogbo, ní Òkè-Baálẹ̀,
àga méje, ọ̀kan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta,
fáànù tó ń kùn bí àgbà tí wọn kò kí.

Gbọ́lágadé ni alága, ohùn rẹ̀ a máa kún yàrá.
Èmi, bí mo bá dìde, ètè mi a máa gbọ̀n,
n ó máa wo bàtà
bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mi sí.

Ẹ̀rọ omi ilé àwọn obìnrin kọṣẹ́. A dáwó.
Nígbà tí a tún un ṣe tán,
egbèje náírà dàwátì.

N kò sùn.
Mo lè fi tèmi dí i. Ta ni yóò mọ̀?
Ilẹ̀ mọ́, mo ṣí ìwé náà síwájú wọn:
"Egbèje náírà, n kò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí."
Ilé pa rọ́rọ́. Fáànù nìkan ló fèsì.
Mo gbọ́ ohùn ara mi: kò gbọ̀n.

Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ tí kì í sọ̀rọ̀ nawọ́ sókè:
"Kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ ni mo fi rà.
Rìsíìtì wà láàárín ìwé orin mi."

Lónìí, mò ń ṣírò owó fún àwọn oníṣòwò ní Òkèfìà.
Ọ̀gá mi bi mí léèrè
ta ló kọ́ mi láti jẹ́wọ́ àṣìṣe kí wọ́n tó bi mí.
Mo rántí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta,
àti omi, lóru,
tó tún ń dà sínú ike.