Àmín Tó Pẹ́ Dé

Wọ́n ní kí n wá fi ìsìnkú Bàbá Oyèlàdé ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀
sí ọmọ wọn ọkùnrin ní Kánádà,
níbi tí yìnyín ti bo ilẹ̀ bí ìyẹ̀fun gbágùúdá.
Wọ́n san ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà. Mo ra dátà.
Mo gun ọ̀kadà láti Tákíé dé Ìsàlẹ̀-Àfọ́n,
kámẹ́rà láyà, síìmù mẹ́ta lápò,
torí mo mọ nẹ́tíwọ̀kì Ògbómọ̀ṣọ́ bí mo ṣe mọ àna mi:
ó lè rẹ́rìn-ín sí ọ láàárọ̀,
kó má mọ̀ ọ́ mọ́ lọ́sàn-án.

Ìyá àgbà bi mí pé, báwo ni yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?
Mo ní, Màmá, wẹ́wẹ́ la ó gé e,
bí ẹni gé ilá. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan á dá rìn,
ẹyọ kọ̀ọ̀kan á ní nọ́ńbà tirẹ̀,
yóò gun òpó tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn,
yóò kọjá lójúde Ṣọ̀ún, kò ní kí Ṣọ̀ún,
yóò gba abẹ́ òkun, omi kò ní kàn án.
Tó bá dé ọ̀hún, wọn á tò ó padà bó ṣe wà.
Wọ́n wò mí títí.
“Tí ọ̀kan bá sọnù ńkọ́?”
“Wọn á ní ká tún un fi ránṣẹ́ ni.”
“Ta ni ‘wọn’?”
N kò rí èsì. Mo ń so wáyà.

Látúndé yọ lójú ẹ̀rọ, òun nìkan nínú yàrá,
kóòtù tó nípọn lọ́rùn, fìlà bàbá rẹ̀ lórí.
Ohun tí a bá ṣe níhìn-ín a máa pẹ́ kó tó dé ibẹ̀:
a ti jókòó tán kó tó rí wa pé a dìde.

Nígbà tí a dé ìdí máńgòrò lẹ́yìnkùlé,
gbogbo ọmọ-ọmọ yọ fóònù,
gbogbo wọn ń fi tiwọn ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.
Òpó kan ṣoṣo ni. Ọ̀nà há.
Ojú Pásítọ̀ di bíríkì bíríkì.
Pósí dúró lójú afẹ́fẹ́, kò lọ sílẹ̀, kò gòkè,
àmì roboto kan sì ń yí lórí rẹ̀,
bí ajá tó ń wá ibi tó máa sùn.
Látúndé ń kọ̀wé: Ṣé wọ́n ti gbé wọn sílẹ̀?
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ti gbé wọn sílẹ̀?

Mo dín àwòrán kù. Mo tún dín in kù,
títí Bàbá kò fi ju sítáǹbù lọ. Kò gbà.
Ohùn fúyẹ́ ju ojú lọ. Iṣẹ́ ló kọ́ mi, kì í ṣe ọgbọ́n.
Ibi tí ojú kò ti ráyè kọjá, ohùn a fẹ̀gbẹ́ wọlé.
Mo pa àwòrán. Dúdú.
Mo yọ máìkì kúrò ní kọ́là Pásítọ̀,
mo kúnlẹ̀, mo nà án sẹ́nu kòtò.
Kò sẹ́ni tó rán mi.
Ó gbọ́ okùn tó ń ha lára igi.
Ó gbọ́ àbúrò rẹ̀ tó ń fa ikun símú.
Ó gbọ́ ewúrẹ́ aládùúgbò.
Ó gbọ́ yẹ̀pẹ̀: ẹ̀kúnwọ́ kan, òmíràn,
lẹ́yìn náà ṣọ́bìrì.

Àdúrà parí, a ṣe àmín, a kúrò níbẹ̀.
Àwọn èèyàn ti ń wá àga, mo ti ń ká wáyà,
nígbà tí ohùn kan jáde láti inú ẹ̀rọ tí mo gbàgbé sórí ebè:
“Àmín.”
Ó pẹ́, ṣùgbọ́n odindi ló dé,
kò sí ẹyọ kan tó sọnù nínú rẹ̀.
Ìyá àgbà dúró. Wọ́n yíjú padà sí sàréè.
“Látúndé, o káre. Wọ́n ti sùn.”

Lóru, tí ìlú sùn, tí ọ̀nà ṣófo,
mo fi àwòrán tó mọ́ ránṣẹ́, gbogbo rẹ̀, gígà mẹ́rin.
Ó dé ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dúró.
Ó dé mọ́kànlá. Wọ́n mú iná lọ. Mo tan jẹnẹrétọ̀.
Ilẹ̀ mọ́, ó dé.
Oṣù méjì rèé. Látúndé kò tíì ṣí i.
N kò bi í léèrè.
Owó epo jẹnẹrétọ̀ yẹn, èmi ni mo san án.