Aṣọ́nà Ọ̀fun

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi sùn ti ẹ̀rọ ìlọta.
Bàbá Mojírọ́lá, bó o bá ti na ẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí,
gbogbo ilé wa ní Òpópónà Kánò, ní Èbúté Mẹ́ta,
ti mọ̀ pé oorun ti gbé ọ lọ.
Ayálégbé òkè a fi igi ìgbálẹ̀ kan ilẹ̀, gbọ́, gbọ́, gbọ́.

Ariwo kọ́ ló ń já mi láyà.
Ìgbà tí ìhanrun bá dá lójijì ni,
tí mo ń kà á lábẹ́ aṣọ: ení, èjì, ẹ̀ta,
títí dé ẹ̀rìnlá,
kó o tó fà á padà
bí ẹni tó yọ orí lódò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní onígbàjámọ̀ kan ń bẹ ní Múṣin:
“Bèlúbèlú ló gùn. Kí wọ́n dá a.
Ìṣẹ́jú kan, omi iyọ̀, ó parí.”
O ò fèsì. O gbé ọwọ́ lé ọ̀fun.
Mo mọ ẹni tó o rántí:
Láníhún, àbúrò rẹ, ọmọ ọdún méjì,
tí wọ́n dá tirẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ìyá yín,
tí ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́ pé ó tó.

Dókítà Ṣódípẹ̀ tan iná sí ọ lẹ́nu,
ó ní kí èmi náà wá wò ó.
Ohun tó lé mi lọ sùn ní pálọ̀ rèé!
Ẹran pupa kékeré, ó sùn sórí ahọ́n,
bí omi tó fẹ́ kán tí kò kán.
“A ò ní gé e tán,” ni dókítà wí.
“Òun ló ń ṣọ́ ọ̀nà imú.
Èyí tó lé la ó gé, a ó ṣẹ́ díẹ̀ kù fún yín.”
Ìwọ tíṣà, ohun kan lo béèrè:
“Ohùn mi ńkọ́?”

Mo fọwọ́ sí ìwé. Bírò náà kọ̀, mo gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.
Lórí bẹ́ǹṣì, mo gbọ́ tí ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè lápá Ìdó.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀kọ tútù, omi dídì,
o ń fi síléètì Mojírọ́lá bá wa sọ̀rọ̀:
*Ta ló pa fáànù?*
*Ó ń ro mí dé etí.*
Lọ́jọ́ kẹwàá o rẹ́rìn-ín, omi gba imú rẹ jáde,
ìyẹn náà tún pa ọ́ lẹ́rìn-ín,
ó sì tún gba ibẹ̀.

Òru àná, o sùn. N ò gbọ́ nǹkan kan.
Mo gbọ́ aago. Mo gbọ́ ẹ̀fọn.
Mo gbọ́ fìríìjì àwọn ará òkè.
Àyà mi là gàràgà, mo gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sí ihò imú rẹ.
O la ojú kan ṣoṣo: “Kí lò ń wá?”
Ohùn rẹ ni, ó kàn fẹ́lẹ́ létí díẹ̀.
Mo ní kò sí.
Mo tún sùn tì ọ́, mo ń kà á:
ení, èjì,
n ò dé ẹ̀ta.