Ọsàn Tí Mo Jù Sókun

Ní aago méje òwúrọ̀, tí mo bá gbé iṣẹ́ òru kalẹ̀
nílé ìtọ́jú arúgbó tó wà lẹ́bàá òkun ní Withernsea,
ẹsẹ̀ mi kì í gba ọ̀nà ilé.
Etí omi ló ń fà mí,
èmi tí òkun ti lé jáde nílé rí.

Bàbá Stamper, yàrá kẹsàn-án, ló là mí lójú.
Ogójì ọdún ló fi kan pákó mọ́lẹ̀ fún kánsù,
ọgbà igi dúdú tó ti orí iyanrìn wọnú omi lọ.
Ó ní, "Wo ìgbì dáadáa.
Kì í kojú sí wa tààrà.
Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà yọ wọlé bí onígbèsè,
ṣùgbọ́n tó bá ń padà, tààrà ni, bí ẹni tí wọ́n ti rí."

Mo tẹjú mọ́ ọn.
Ìgbì dé, ó gbé hóró iyanrìn kan pọ̀n,
ó gbé e gòkè, ó fì í sápá ọ̀tún,
ó mí díẹ̀, ó wọ́ ọ sọ̀ kalẹ̀,
kò sì dá a padà síbi tó ti mú un.
Ìṣísẹ̀ èèrà kan péré.
Òmíràn tún dé.
Ṣàà, a gòkè. Ṣìì, a sọ̀.
Ṣàà. Ṣìì.
Iyanrìn ń rìn kọ́lọkọ̀lọ láìlẹ́sẹ̀,
kò di ẹrù, kò dágbére fẹ́nìkan,
gúúsù ló kọjú sí,
síbi tí ilẹ̀ ti tín-ín-rín bí ìka
tó ń nà sí nǹkan tí ẹnìkan ò rí.

"Mi ò gbà," mo wí. Bàbá rẹ́rìn-ín, eyín mẹ́ta.
Ó fi ọsàn oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́:
"Jù ú sómi. Ka ìṣísẹ̀."

Ọjọ́ kìíní, ogójì ìṣísẹ̀ kí tíì mi tó tutù.
Ọjọ́ kejì, afẹ́fẹ́ àríwá ń bínú: mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún.
Ọjọ́ kẹta, ajá obìnrin kan gbé e sá lọ, a ò ka ìyẹn.
Ọjọ́ karùn-ún, omi dákẹ́, ọsàn jókòó síbi tí mo jù ú sí
bí ọmọ tó kọ̀ tí ò lọ sílé ìwé.
Bàbá ń kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn káàdì ọjọ́ ìbí
tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Leeds.

Lẹ́bàá ọgbà pákó ni mo ti rí ẹ̀rí:
lápá òsì, iyanrìn ga dé orúnkún mi;
lápá ọ̀tún, kòtò, òkúta wẹ́wẹ́, igi jíjẹrà,
bí ọmọ ìyá méjì tí ọ̀kan ṣoṣo jẹun.
"Èyí tí mo bá dá dúró síhìn-ín," Bàbá wí,
"ẹnìkan nísàlẹ̀ kò ní rí i gbà.
Ọ̀rẹ́ mi ní oko níbẹ̀. Ó ti wọ omi."
Mo gé èékánná rẹ̀ tán kó tó tún sọ̀rọ̀.

Mo ní, nílé wa, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.
Ó ní, iyanrìn náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde.

Ní Ayétòrò, nílẹ̀ Ìlàjẹ,
ilé ìyá àgbà mi wà ní ìlà kẹta sí òkun.
Nígbà tí mo pé ọdún méjìlá, ó ti di ìlà kìíní.
Nígbà tí mo wọ bàálù, ẹja ló ń gbé ibẹ̀.
Ìgbì kan: Igbókòdá. Òmíràn: Èkó, ọdún mẹ́rin.
Ọ̀kan gbé mi gòkè, ọ̀kan wọ́ mi sọ̀,
mo sì rò pé ojú kan náà ni mo wà.

Láàárọ̀ yìí, wọ́n ti gbé Bàbá lọ sí ọsibítù ní Hull.
Ọsàn rẹ̀ wà lórí àwo. Mo mú un dání.
Ó há sẹ́yìn ọgbà kejì, ó ń lu pákó, ó ń lu pákó.
Mo ká ṣòkòtò, mo wọ omi tó tutù dé egungun,
mo gbé e kọjá sódì kejì.
Mi ò ní sọ fún un pé mo ràn án lọ́wọ́.