Apá Ọ̀tún

Ṣọ́ọ̀bù mi kò ju yàrá kan lọ,
ó dojú kọ géètì bárékè ní Kẹ̀ǹtọ́kì.
Maṣíìnì ìránṣọ méjì, áyọ́ọ̀nù kan,
àpótí ìrẹsì ìyá mi tí mo gbé sọdá òkun láti Kòríà.
Oksun lorúkọ mi. Ahọ́n àwọn sójà kò gbà á,
Màmá Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè mí.

Ìgbà yẹn, àmì tí ń lẹ̀ mọ́ṣọ bí èèmọ́ kò tíì dé,
abẹ́rẹ́ ló ń ṣe é.
Èjìká òsì: ẹgbẹ́ tí o wà lónìí.
Ẹni tó bá ṣáà ti wọ bàtà ìjọba ní tirẹ̀.
Èjìká ọ̀tún: ẹgbẹ́ tí o bá dé ojú ogun.
Òfin kò ní dandan ni kí o lò ó,
òfin ní, bí o bá fẹ́.
Inú "bí o bá fẹ́" yẹn ni ẹjọ́ sùn sí.

Ọ̀gá kékeré kan wọlé ní Ọjọ́bọ̀,
ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló lò ní aginjù,
ní ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń mú un sín.
"Ẹ rán an kó hàn dáadáa, mo ní àsè lálẹ́."
Mo rán an. Òfin fún un láyè,
abẹ́rẹ́ kì í sì í bi aṣọ pé níbo lo ti ń bọ̀.

Kò pẹ́ tó jáde tí Sájẹ́ǹtì Tackett dé,
ọkùnrin tó máa ń fẹ̀gbẹ́ wọlé bí ẹni pé ilẹ̀kùn lè bú gbàmù.
Ó tẹ́ kóòtù sórí tábìlì, ó na ìka sí èjìká ọ̀tún.
"Ẹ bá mi tú u."
Kí ló dé?
Ó ní àwọn ọmọ tuntun, bí wọ́n bá ti rí i,
wọn a bi òun pé èèyàn mélòó lo pa,
búrẹ́dì á sì wà lẹ́nu wọn.

Kọ́pùrà Bracamonte ń dúró de ṣòkòtò rẹ̀ nídìí fèrèsé.
Ẹnu rẹ̀ kì í gbé ọ̀rọ̀ mì.
"Sájẹ́ǹtì, bí ẹ̀yin tí ẹ débẹ̀ bá tú tiyín,
ta ló máa ṣẹ́ kù tí yóò máa lò ó?
Lọ́jọ́ tí mo dé ẹgbẹ́ yín, ẹ̀rù ń bà mí,
n kò wá ìtàn, n kò wá ìyìn ẹnikẹ́ni;
apá ọ̀tún ni mò ń wò,
kí n lè mọ ẹ̀yìn ẹni tí n ó sá sí bí ariwo bá dé."

Sájẹ́ǹtì ní, "Ẹni tó gbé mi jáde nínú iná,
kúùkù ni, ọjọ́ kejì tó dé nìyẹn.
Èjìká rẹ̀ ṣófo."

Wọ́n yíjú sí mi, bí ẹni pé èmi ni adájọ́.

Kí ni mo mọ̀?
Bàbá mi náà ja ogun ẹlòmíràn lórí òkè Fíẹ́tínáàmù,
ó ja ogun, kò jẹ ogún; àmì irin kan ni wọ́n fún un.
Ìyá mi rì í mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí ìrẹsì yìí.
Bí ìrẹsì bá ti ń tán, agolo á kan irin, gbọ̀ọ́n,
a ó mọ̀ pé ebi ti dé.
Ẹ̀ẹ̀kan péré ló lò ó:
ọmọ baálẹ̀ sọ pé ilé ìdáná ló ti jagun.
Ó fi í kọ́ àyà lọ sóko ìrẹsì láti àárọ̀ dalẹ́, nínú ẹrẹ̀,
kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀,
ó dé, ó fọ̀ ọ́, ó dá a padà sínú ìrẹsì.
Bóyá bó ṣe yẹ nìyẹn. Èmi ò mọ̀.

Mo mú abẹ, mo já òwú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Àmì ṣí kúrò, ṣùgbọ́n aṣọ abẹ́ rẹ̀ ṣú ju ìyókù lọ,
oòrùn kò débẹ̀ fún ọdún méje.
Àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀ gedegbe.
Apá ni mo tú, àpá ni mo bá,
ojú àpá kò sì jọ ojú ara.
Kọ́pùrà wò ó, kò wí nǹkan kan mọ́.
Sájẹ́ǹtì fi àtàǹpàkò ra ibẹ̀ wò,
ó bi mí pé èló ni.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá kékeré padà dé,
ó ní òwú mi kò le, àmì òun ti ń ṣí létí.
Mo tún un rán, ìlọ́po méjì.
Dọ́là mẹ́fà.