Ọ̀kẹ́ Kan Ó Dín Mẹ́ta

Ọ̀dà funfun ni Bàbá Múfútáù fi kọ ọ́ síwájú ọkọ̀ rẹ̀
ní èbúté Ẹ̀pẹ́, lọ́dún tí wọ́n ní kí gbogbo ọkọ̀ gba nọ́ńbà:
19997.
Ìyá mi àgbà kò mọ̀wé. Mo kà á sí i létí.
Ó gbé ẹja àrọ̀ tó ń fọ̀ sílẹ̀, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan,
ó ní, "Ọ̀kẹ́ kan ó dín mẹ́ta. Ta ló mú mẹ́ta?"

Bí èdè wa ṣe ń kà nìyẹn:
a ó kọ́kọ́ dé ibi tí à ń lọ,
ká tó wẹ̀yìn wo ohun tí kò bá wa dé.

Tíṣà Ọ̀ṣìbógùn ní kí n pín in.
Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn èbúté, mo fi èédú kọ sára sìmẹ́ńtì.
Méjì kọ̀.
Mẹ́ta kọ̀. Márùn-ún ò tilẹ̀ wò mí lójú.
Méje gbé e jìnnà díẹ̀, márùn-ún já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Mẹ́tàlá ṣẹ́ mẹ́ta kù
(mẹ́ta ìyá àgbà ni, àbí òmíràn?).
Ọ̀sà kún, ọ̀sà fà, èédú ń tán lọ.
Ọ̀kànlélọ́gọ́rùn-ún ló dùn mí jù:
ẹyọ kan péré ni kò jẹ́ kó pé.
Mo dé mọ́kàndínlógóje, Tíṣà ní ó tó.
"Aláìṣeépín ni. Àfi ọ̀kan, àfi òun fúnra rẹ̀."

Mo sáré lọ sọ fún Bàbá Múfútáù pé ọkọ̀ rẹ̀ kò ṣeé pín.
Ó ní, "Má jẹ̀ẹ́ kí àwọn ìyàwó mi gbọ́."

"Kò ṣeé pín," ni Tíṣà wí lọ́jọ́ kejì, "ṣùgbọ́n ó ṣeé tẹ́.
Bá mi tẹ́ ẹní méjì tí ìbú wọn bá òòró dọ́gba.
To ẹja mọ́kàndínlógóje sí ìbú, mọ́kàndínlógóje sí òòró.
Lórí ẹní kékeré, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."
Mo dijú, mo tò ó.
Etí ọ̀sà funfun báláú,
kò sí àyè òfìfo, kò sí ẹja kan ṣoṣo fún ológbò.

Lọ́dún yìí mo bá ọkọ̀ náà ní ìdojúbolẹ̀ lórí yanrìn.
Ọyẹ́ ti lá orí méje jẹ, ó ti di ọ̀kan:
19991.
Ọ̀kẹ́ kan ó dín mẹ́sàn-án, ìyá àgbà ì bá wí.
Mo lóṣòó tòun ti aṣọ ọ́fíìsì, mo yọ fóònù, mo ń pín.
Kò gbà. Orí kunkun rẹ̀ kò bá ọ̀dà lọ.
Ṣùgbọ́n ẹní méjèèjì ti lọ.
Mo wá wọn títí; mo wá rántí ohun tí Tíṣà sọ,
pé nọ́ńbà tí a bá kà ní mẹ́rin-mẹ́rin, tó ṣẹ́ mẹ́ta kù,
kò ní irú ẹní bẹ́ẹ̀ nílé.

Ọmọdékùnrin kan tó ń tú àwọ̀n dúró lé mi lórí.
Kí ni mò ń wá?
Mo ní mò ń ka nǹkan.
Ó ní, "Ṣé owó ni?"